Pẹ́ẹ̀gì Kẹfà

Ọjọ́ Ajé ni Àǹtí tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an sí mi, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Àìkú ni iṣẹ́ náà wà fún. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mò ń ká etí kọ́tìnì kan, nígbà tó wọlé tí kò dáhùn ìkíni mi. Ó jókòó sórí àpótí òwú, ó tú ìborí rẹ̀, ó tún un wé, ó tún un tú.

"Àǹtí, kí ló dé?"

"Àṣá ní kí n sọ fún ẹ pé kó o wá bá òun ní pápá."

Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí ẹ̀rọ. "Nígbà wo?"

"Àná."

Àǹtí ni àbúrò bàbá mi obìnrin. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ aṣọ rírán, òun náà ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ láàrin èmi àti Àṣá láti ìgbà tí bàbá mi ti ní kí Àṣá má fẹsẹ̀ tẹ ilé wa mọ́. Kò sí tẹlifóònù nílé wa nígbà náà. Ẹnu Àǹtí ni tẹlifóònù wa, kò sì já wa kulẹ̀ rí.

"Wọ́n fún un níṣẹ́ ní ìlú kejì," ó ní. "Ó ní òun á dúró dè ẹ́ ní pápá ní Sọ́ńdè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bó o bá wá, òun ò ní lọ. Bó ò bá wá, òun á mọ̀ pé ìwọ náà ti gba ohun tí bàbá ẹ sọ."

"Ìgbà wo ló rán yín?"

"Fúráìdè." Ó ń wo ilẹ̀. "Mo gbé e mì ni. Bàbá ẹ yà níbí ní Sátidé, wọ́n ní, 'Àbúrò mi, ìwọ nìkan ló kù tí mo lè fọkàn tán.' Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é lẹ́yìn ìyẹn? Mo ní kí n jẹ́ kí Sọ́ńdè kọjá, kí gbogbo wa lè sinmi. Mi ò sinmi o. Ọ̀rọ̀ náà ń gún mi nínú bí abẹ́rẹ́ tí èèyàn gbé mì."

Mi ò lè bínú sí i. Mo fi kọ́tìnì sílẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára rẹ̀, mo sì gba ọ̀nà pápá lọ, bí ẹni pé bí mo bá yára tó, mo lè bá àná níbẹ̀.

* * *

Inú yàrá ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti kọ́kọ́ rí Àṣá. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti máa ń kan bàálù: bàálù kékeré tí apá rẹ̀ kò gùn ju apá èèyàn lọ, tó ń fò ní tòótọ́, tí ẹni tó wà nílẹ̀ sì ń fi rédíò ọwọ́ darí rẹ̀. Láti kékeré ni ọkàn ẹ̀gbọ́n mi kò ti lágbára. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sáré. Ó ní ó dáa, òun á wá ohun tó máa bá òun sáré.

Ìyá wa ti kú nígbà tí mo ṣì kéré. Bàbá mi ló fi ọwọ́ méjèèjì tọ́ wa, ọwọ́ tí yíǹkì kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀, nítorí atẹ̀wé ni. Káàdì ìgbéyàwó ló ń tẹ̀ jù. Ó máa ń fi àwọn bàálù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ọkọ̀ tí kò lè gbé eṣinṣin." Àmọ́ òun náà ló ń kó páálí tó bá ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wálé, á gbé e sórí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi láìsọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń bá ọ̀rá aláwọ̀ yẹ́lò jà. Ọ̀rá yìí ni wọ́n ń nà bo igi tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ egungun apá bàálù. Bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá kọjá lórí rẹ̀, á sún kì, á sì le bí awọ. Àmọ́ wọ́n ti jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù gbóná jù, ọ̀rá sì ti lu.

"Ẹ ń lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ ṣòkòtò ọlọ́pàá," mo sọ látẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá aránṣọ ti dé. Àṣá, gbé áyọ́ọ̀nù fún un kó tó bú wa délé ìyá wa."

Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ náà ni títún rédíò àti fáànù ṣe. Ní pápá ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Àṣá, nítorí pé bí bàálù rẹ̀ bá ti gòkè, kì í fẹ́ wá sílẹ̀ àfi bí epo bá tán. Ó gbé áyọ́ọ̀nù fún mi. Mo dín iná rẹ̀ kù, mo bẹ̀rẹ̀ láti àárín apá náà lọ sí etí, ọwọ́ mi fúyẹ́, bí a ti ń lọ aṣọ ṣẹ́dà. Ọ̀rá náà tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ẹ yéé wò mí," mo ní. "Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wò."

"Iṣẹ́ náà ni mò ń wò. Ìgbà wo lo máa yéé pè mí ní 'ẹ'? Mi ò tíì hu ewú."

"Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni yín."

"Ó dáa. Mo ní sùúrù."

Ẹ̀gbọ́n mi húkọ́. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, apá bàálù ló wà lórí tábìlì o. Bó bá jẹ́ káàdì ìgbéyàwó lẹ ń wá, ibi iṣẹ́ bàbá wa ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́."

* * *

Pápá wọn wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì kan tí wọ́n ti pa tì. Lẹ́bàá ọ̀nà àbáwọlé, wọ́n kan pákó fífẹ̀ kan mọ́ igi, pẹ́ẹ̀gì sì tò sórí rẹ̀, irú èyí tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn, a kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà, tó dàgbà jù nínú wọn, ló là á yé mi.

"Gbogbo rédíò tí a fi ń darí bàálù ló ní nọ́ńbà," ó ní. "Bí rédíò méjì tí nọ́ńbà wọn dọ́gba bá tàn lẹ́ẹ̀kan náà, bàálù tó wà lókè ò ní mọ ẹni tí òun á gbọ́ràn sí lẹ́nu. Á ya wèrè, á sì já. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan rédíò àfi bí pẹ́ẹ̀gì nọ́ńbà rẹ̀ bá wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Ẹni tí pẹ́ẹ̀gì wà láyà rẹ̀ ló ni ojú ọ̀run. Kí àwọn yòókù máa wòran."

Òfin kejì ni pé, bí bàálù rẹ bá ti wà lókè, ojú rẹ kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Àwọn tó gbàgbé òfin méjèèjì ni mo máa ń rí tí wọ́n ń fi àpò ṣa àfọ́kù inú koríko, tí wọ́n á sì máa jiyàn, bí wọ́n ṣe ń ṣà á, nípa èyí tí wọ́n tún máa kàn.

Rédíò ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ńbà kẹfà ni. Ti Àṣá náà, nọ́ńbà kẹfà ni. Ọwọ́ ẹnì kan ni wọ́n ti ra méjèèjì ní àlòkù, wọn ò sì tètè mọ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè jọ fò. Bí ọ̀kan bá ń fò, èkejì á jókòó sórí bíríkì, á máa wò ó. Wọ́n lè wá ọ̀kan pààrọ̀. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Bí mo ṣe ń mọ̀ pé ó ń wo tèmi nìyẹn," ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi. "Kò sí nǹkan mìíràn tó lè ṣe."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí Àṣá sọ bàálù rẹ̀ kalẹ̀ tán, ó yọ pẹ́ẹ̀gì kẹfà láyà ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fi há apá ẹ̀wù mi.

"Kí ni kí n fi ṣe? Mi ò ní rédíò."

"Kò dìgbà tó o bá fò. Ṣáà jẹ́ kó wà lára ẹ, kí ẹlòmíràn má lọ tan tiẹ̀."

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ lẹ́yìn ilé bíríkì. Etí mi gbóná. Mo fẹ́ sọ nǹkan tó dáa, irú èyí tí àwọn obìnrin inú ìwé máa ń sọ, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Àṣá, o ò gbọ́n."

Ó dúró. "Kí lo pè mí?"

"Mo ní o ò gbọ́n."

"O ò gbọ́n," ó tún un sọ, bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti pè é ní "ẹ" mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bíríkì rẹ̀, ó ń wo òkè, bí ẹni pé bàálù kan ṣì wà níbẹ̀. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà," ó ní, "ó ju èje lọ."

* * *

Ní àárọ̀ kan tí òjò ń rọ̀, ọkàn ẹ̀gbọ́n mi dúró. Bàálù tó kàn kẹ́yìn wà lórí tábìlì, apá rẹ̀ yẹ́lò, èmi ni mo fi áyọ́ọ̀nù na ọ̀rá rẹ̀. Kò tíì fò rí.

Bàbá mi ló ní kí wọ́n gbé e fò. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun kò ní jókòó sílé kó máa gba eruku. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó bá wa lọ sí pápá fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbé rédíò ẹ̀gbọ́n mi mọ́ àyà bí ẹní gbé ọmọ tuntun. Àṣá na ọwọ́ sí i. Bàbá mi mi orí.

"Ọwọ́ ẹ̀ ló kẹ́yìn lára ẹ̀. Lo tìẹ."

Nọ́ńbà kan náà ṣáà ni. Àṣá mú pẹ́ẹ̀gì kẹfà, ó há a mọ́ àyà, ó sì fi rédíò tirẹ̀ gbé bàálù náà sókè.

Ó fò. Ó yí ká lókè ọ̀pá èéfín ilé bíríkì, oòrùn kọjá nínú apá rẹ̀ tó fi dà bí ewé tó pọ́n. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo yíjú, mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, mo sì yára yíjú padà kí n má bàa bà á jẹ́.

Bàálù náà gbọ̀n. Ó fi apá kan tẹ̀. Nígbà náà ni Àṣá ṣe ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí. Ó mú ojú kúrò lára bàálù, ó sì wo ọ̀dọ̀ wa. Ó wò wá tààrà. Nígbà tó fi máa yíjú padà, bàálù ti dorí kodò. Ìró rẹ̀ kò ju ti àwo tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lọ.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó mú ojú kúrò. Obìnrin ló ń wò."

Àṣá wá dúró níwájú rẹ̀, ó tẹrí ba. "Ẹ̀bi mi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ ẹ," bàbá mi ní. "Mi ò ní fi èyí tó kù lé ẹ lọ́wọ́."

Èmi náà gbà pé èmi ló ń wò. Fún oṣù mélòó kan ni mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri. Mo ka ara mi sí ẹni tó já bàálù ẹ̀gbọ́n mi lulẹ̀. Àmọ́ nígbà míì, bí mo bá dá wà nídìí ẹ̀rọ, inú mi á dùn díẹ̀ pé ọkùnrin kan lè gbàgbé ojú ọ̀run nítorí mi, ojú á sì wá tì mí pé inú mi dùn.

* * *

Ní ọjọ́ Ajé yẹn, Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà nìkan ni mo bá ní pápá. Ó ti tú pákó pẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó ń kùn ún lọ́dà.

"Ó dúró títí tí a ò fi rí ọwọ́ ara wa mọ́," ó ní kí n tó bi í. Ó na nǹkan sí mi. Pẹ́ẹ̀gì kẹfà ni. "Ó ní kí n fún ẹ. Ó ní òun ò fò mọ́."

Mo jókòó sórí bíríkì ẹ̀gbọ́n mi. "Èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀. Ká ní kò wò mí lọ́jọ́ yẹn ni."

"Ìwọ?" Bàbá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Ọmọ mi, má bínú o. Kì í ṣe ìwọ ló wò."

"Ọ̀dọ̀ wa ló kọjú sí."

"Rédíò tó wà láyà bàbá ẹ ló wò. Iná pupa ojú rẹ̀ ti tàn. Bàbá ẹ ti tan án, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ti igi ìdarí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, bí ọmọ wọn ṣe máa ń ṣe. Wọ́n rò pé àpótí lásán ni, pé tọwọ́ Àṣá nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo rí i. Mo fẹ́ pariwo, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Àṣá ló di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ wọn ni.'"

* * *

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ìlú tó wà. Mo bá a nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí rédíò tí wọ́n tú ìfun wọn síta kún orí tábìlì rẹ̀. Ó dìde nígbà tó rí mi, ó tún jókòó.

"O ò wá," ó ní.

"Iṣẹ́ tó o rán kò tètè dé. Àná ni mo gbọ́." Mo gbé pẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ láàrin wa. "Mo sì gbọ́ ti rédíò bàbá mi."

"Ẹnu Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà kò ní ìlẹ̀kùn."

"Màá sọ fún bàámi. Bí wọ́n bá gbọ́, àwọn fúnra wọn á wá mú ẹ wálé."

"Bí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní lè gbé rédíò yẹn mọ́ àyà mọ́ láé. Kí ló tún kù fún wọn?"

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló kù fún ẹ?"

"Ẹ̀bi mi ni mo sọ pé ó jẹ́, mi ò sì parọ́. Èmi ni pẹ́ẹ̀gì wà láyà mi. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà kan náà ni wá, mo mọ̀ pé bátìrì wà nínú ẹ̀. Ó yẹ kí n yọ ọ́. Àmọ́ ojú ń tì mí láti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún." Ó gbé ojú sókè. "Ṣé orí ọgbẹ́ bàbá ẹ lo fẹ́ ká kọ́lé sí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo dìde. "Ó rọrùn fún ẹ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ kọ́ lò ń wo ojú wọn láràárọ̀. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, Àṣá?"

"Mi ò lè bá ẹ yan ìyẹn." Ó ti pẹ́ẹ̀gì náà padà sọ́dọ̀ mi. "Ọwọ́ ẹ ló wà."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà, mo kọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu oríṣiríṣi. Gbólóhùn kan péré ni. Bàámi, ẹ̀yin lẹ já a lulẹ̀. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún, mo sọ ọ́ bí ìyá ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Kò sí bí mo ṣe sọ ọ́ tí kò dà bí òkúta. Àmọ́ òtítọ́ ni, àǹfààní mi sì wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí bàbá mi máa kórìíra ẹni tó bo àṣírí rẹ̀, títí ikú? Ta ni ìyẹn ṣe lóore?

* * *

Mo bá rédíò ẹ̀gbọ́n mi níbi tó máa ń wà, lórí pẹpẹ yàrá bàbá mi. Bàbá mi kò tíì dé. Mo yí i padà, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn bátìrì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ti yẹ kí ẹnì kan ti ṣe ni.

"Kí lò ń wá nínú rédíò ọmọ mi?"

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀wù iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bátìrì ni mò ń yọ, bàámi. Wọ́n ti ń yọ omi. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, á ba inú ẹ̀ jẹ́." Òtítọ́ ni: ìpẹtà funfun ti yọ sí wọn létí.

Ó gba rédíò náà lọ́wọ́ mi, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e lé orí itan. "Àǹtí ẹ ti wá bá mi. Ó sunkún. Ó ní o lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin yẹn."

"Mo lọ, bàámi."

"Ó sọ fún ẹ ohun tó fà á tó fi mú ojú kúrò lára bàálù?"

"Ó ní ẹ̀bi òun ni."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ sí i?"

Gbólóhùn náà dé orí ahọ́n mi. Mo wo bàbá mi. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí igi ìdarí rédíò, ó ń tì í síwá sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún lójú àlá. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó gún mi bó ti gún Àǹtí, àmọ́ ó lọ sílẹ̀.

"Bàámi," mo ní, "mi ò wá ṣìpẹ̀ fún un."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò le, ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Mo ti tẹ káàdì ìgbéyàwó fún gbogbo àdúgbò yìí. Ti ẹni tí mo fẹ́ràn, ti ẹni tí mi ò fẹ́ràn. Mi ò ní tẹ orúkọ ọmọkùnrin yẹn mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹ. Ọwọ́ mi ò ní ṣe é. Ṣé o gbọ́?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. Pẹ́ẹ̀gì kẹfà wà láyà ẹ̀wù mi. Mo rí i pé ó ti rí i.

"Mo gbọ́, bàámi. Mi ò ní sá lọ, mi ò sì ní fi ẹ̀yìn ilé jáde. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni màá gbà lọ, ibẹ̀ náà ni màá máa gbà wá wò yín, bẹ́ ẹ bá ń dáhùn, bẹ́ ẹ ò bá dáhùn. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ tẹ káàdì, bẹ́ ẹ ò tẹ̀ ẹ́, Àṣá ni màá fẹ́."